Ìjà Tí Wọ́n Ń Fi Ìṣubú Bẹ̀rẹ̀

Lọ́ńdọ̀nù, 1958

Bàbá mi,

Ara mi le, alihamudulilahi. Òtútù nìkan ni. Àwa aláwọ̀ dúdú àdúgbò yìí ń kọ́ ìjà báyìí, a kàn fi ń ṣeré ni. Mo kọ́kọ́ lọ síbi ẹ̀ṣẹ́ kíkàn, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi wú díẹ̀, kò tíì ṣeé dì ní ẹ̀ṣẹ́, ni mo bá yan júdò, ìjà àwọn ará Japáànì.

Ẹ ó rẹ́rìn-ín. Nínú ìjàkadì tiwa ní Ẹ̀pẹ́, ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀ ni wọ́n dá. Níbí, ìṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ni. Olùkọ́ bi mí ibi tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣubú tó báyìí. Mo ní ọ̀dọ̀ bàbá mi ni, ẹ̀yin tí ẹ máa ń dá mi lójoojúmọ́, tí ẹ̀yìn tiyín kò kanlẹ̀ rí.

Ẹ bá mi kí Mùnírátù ìyàwó mi. Ẹ ní kó má tíì wọkọ̀ wá, kí ìgboro ibí kọ́kọ́ tòrò ná.

Bàdírù ọmọ yín.