Ẹja Tó Yí Ikùn Sókè

Sátidé, ọyẹ́ ń mú gan-an

Múfú ọ̀rẹ́ mi rí mi lára lónìí.

Èmi, Múfú àti ọ̀rẹ́ wa kan la jókòó sínú tíúbù táyà tírélà, kálukú nínú tiẹ̀, tá a ń dẹ ìwọ̀ lórí adágún ẹ̀yìn ìlú. Òtútù ti pa ẹsẹ̀ mi nínú omi. Àfi bí ẹja ṣe ń léfòó yí mi ká, tí wọ́n yí ikùn sókè. Mo tiẹ̀ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run! Mo bojú wẹ̀yìn, Múfú ló ń da òògùn tí wọ́n fi ń fín oko ẹ̀wà sómi.

"Ẹ máa fi ìwọ̀ ṣeré lọ," ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ti gbé lára ẹja náà fún ìyàwó mi kí n tó délé.

"Bàbá Táyé, ọ̀rẹ́ yín mà ṣeun o!"

Mo ri gbogbo ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyókù tí Múfú kó ti wà lọ́jà Tápà, wọ́n ti ń tà á. Ṣíọ̀!

Òùngbẹ wá gbẹ mí. Mo bu omi dé ẹnu kí n tó rántí pé adágún yẹn náà la ti ń pọn ọ́n. Mo dà á nù.

Kí làwọn ọmọ máa mu lọ́la?