Mo Ti Lé Olófòófó Kúrò Nínú Kọ̀ǹpútà Tó O Gbé Wá

Ọmọ mi ọkùnrin, àkọ́bí mi,

Mo kí ọ. Inú ń bí mi, ṣùgbọ́n mo kí ọ, torí ẹni tó bí mi kò kọ́ mi láti wọ ilé onílé láìkágò. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹun dáadáa? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín nínú ìlú ńlá yẹn, kò ní jẹ́ kí ẹ bọ́ sọ́wọ́ aṣebi, kò sì ní jẹ́ kí ẹ bọ́ sẹ́nu ẹ̀rọ. Bí o bá ti ṣe àmín tán, wá àga jókòó, torí ọ̀rọ̀ pọ̀.

Ilé wà bó ṣe wà. Páànù ẹ̀yìnkùlé ṣì ń jò. Aṣọ àwọn oníbàárà kò dín kù, èmi àti àbúrò mi, ìyá rẹ kékeré, la jọ ń fọ̀ ọ́ tí a jọ ń lọ̀ ọ́, ó ń kí ọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí òun náà, wàá gbọ́ ìdí rẹ̀ níwájú.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tó o gbé e wá, o ní kí n lè máa rí ojú àwọn ọmọ ni, mo sì dúpẹ́. Mo tẹ́ aṣọ funfun tí mo fi sítáàṣì sí sábẹ́ rẹ̀, mo gbé e sí pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kó lè máa rí atẹ́gùn, àbúrò mi ò sì gbọdọ̀ gbé bàkẹ́ẹ̀tì omi kọjá níwájú rẹ̀. Mo tọ́jú ẹ̀rọ yìí bí àlejò. Àfi bó ṣe di pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í bú mi.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo tàn án, ó fi ọ̀pá ìtilẹ̀ hàn mí. Mi ò béèrè ọ̀pá. Mo gbójú kúrò, nígbà tí mo máa fi wo ibẹ̀ padà, ó ti gbé àga tí arúgbó fi ń jókòó wẹ̀ wá, kò pẹ́ ló tún gbé ìlédìí àgbàlagbà lé e. Ìlédìí! Èmi tí mo fọ ìlédìí ìwọ àti gbogbo àwọn àbúrò rẹ! Mo wo ojú bíńtín tó wà lókè rẹ̀ yẹn, èyí tó o ní òun ni kí n máa wò bí a bá ń sọ̀rọ̀, mo ní áà, ìwọ lò ń ṣọ́ mi, ìwọ lo rí i pé mò ń tiro. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá fẹ́ kọjá níwájú rẹ̀, mo máa ń nàró ṣánṣán kó má bàa rí nǹkan rò kiri, ìgbà tí mo bá dé kíṣìnì ni mo tó máa di ìbàdí mi mú.

Ó tún bi mí pé ṣé mò ń wá ibi tí wọ́n á ti tọ́jú màmá mi dáadáa. Màmá mi, tó ti sùn láti ìgbà tí ìwọ kò tíì mọ̀ ọ́n rìn! Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn. Mo fi ìka kan ṣoṣo tẹ èsì fún un pé màmá mi ti kú, pé ibi tó wà dára ju ibi tí wọ́n ń polówó lọ, kí wọ́n má dárúkọ rẹ̀ mọ́. Ó ní kí n kọ nọ́mbà fóònù mi, mo sì kọ ọ́ kí wọ́n lè rí mi bá tọrọ àforíjì. Ẹnì kan pè lóòótọ́, ọmọbìnrin olóhùn dídùn, ó ní òun gbọ́ pé mo ní màmá kan tó ti ń di wàhálà sí mi lọ́rùn. Mo bú u débi pé àbúrò mi já fóònù gbà lọ́wọ́ mi.

Ìgbà tó wá béèrè iye tí ilé mi máa mú wá bí mo bá tà á, ẹ̀rù bà mí. Mo ní olè ti wọ inú ẹ̀rọ yìí. Mo gbé ìwé ilé kúrò níbi tó wà, mo gbé e lọ síbi tí mi ò ní kọ sínú lẹ́tà, mo wá pè ọ́. Ìwọ náà rántí. O ní, Màámi, ẹ má dá a lóhùn, ìpolówó lásán ni, gbogbo èèyàn ni wọ́n ń fi hàn. Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ìyàwó awakọ̀ tó ń kó èrò lọ sílùú ńlá yín kó aṣọ wá, mo bi í bóyá wọ́n ń fi ọ̀pá han òun náà lórí fóònù rẹ̀, ó ní rárá o, bàtà ni, bàtà gogoro aláwọ̀ pupa. Obìnrin yẹn àti èmi, ọdún kan náà ni wọ́n bí wa! Mo tún pè ọ́, mo ròyìn bàtà fún ọ, ohùn rẹ sì yí padà. O ní ọ̀rọ̀ ààbò ni, ètò tó wà nínú kọ̀ǹpútà náà kì í pa àṣírí mọ́, kí n má tàn án mọ́ rárá, pé o máa rán ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe níkorítá sí mi kó wá yọ ọ́, kó fi èyí tó ń pa àṣírí mọ́ rọ́pò rẹ̀. Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tó o ti ní o máa rán ẹni tó máa tún páànù ṣe, ojú mi ò tíì kan ẹni náà. Ti kọ̀ǹpútà yìí, mi ò tíì gbé fóònù kalẹ̀ tí ọkùnrin náà fi kan ilẹ̀kùn.

Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é, èèyàn jẹ́jẹ́ náà sì ni. Ó ní kọ̀ǹpútà dà bí ilé, ètò tó wà nínú rẹ̀ ni ayálégbé, ó ní ayálégbé ti àtijọ́ yìí, gbogbo ohun tí a bá ṣe nínú ilé ló ń lọ rò fún àwọn ọlọ́jà, wọ́n sì ń sanwó fún un. Mo ní láti ìgbà wo. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e wá, Màmá. Gbogbo ohun tí mo bá ọ sọ, ti orúnkún mi, ti itan tó ń yún mi, ti ìyàwó rẹ lọ́jọ́ tí kò sí nítòsí, ọlọ́jà ń bá wa gbọ́ ọ! Èmi alágbàfọ̀, oríṣiríṣi nǹkan ni mo ti bá nínú àpò àwọn èèyàn, mi ò sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni rí, mo máa ń dì í sínú ọ̀rá ni, mo sì máa ń dá a padà pẹ̀lú aṣọ. Ẹ̀rọ tí kò fọ ìbọ̀sẹ̀ rí ló wá ń tú àpò mi síta. Wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní kí Jẹ́jẹ́ lé e jáde lójú ẹsẹ̀, kó má tiẹ̀ fún un láyè láti palẹ̀ ẹrù mọ́.

Ó fẹ́ lé e ló bá bi mí pé orúkọ ta ló wà ní igun yìí. Mo fi awò ojú mi sójú. Orúkọ rẹ ni, àti àwòrán rẹ tòun ti táì. Jẹ́jẹ́ ní Màmá, ẹ̀yin kọ́ ni ètò yìí ń bá sọ̀rọ̀ o. Ó ní nígbà tó o gbé e wá, orúkọ rẹ lo fi ṣí i, o ò sì yọ ọ́, torí náà ohunkóhun tó o bá béèrè lórí fóònù rẹ nílùú ńlá, kọ̀ǹpútà tèmi ń gbọ́ ọ, ó rò pé ẹnì kan náà ni èmi àti ìwọ. Bó ṣe fọwọ́ kan ibi tí a ti ń kọ ìbéèrè báyìí, àwọn ìbéèrè rẹ já wálẹ̀ gbuurugbu. Ó fẹ́ sáré pa á dé, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, mo sì kà á fúnra mi. O béèrè ibi tí wọ́n ń kó àwọn arúgbó sí. O béèrè iye tí ilé bíi tèmi ń lọ. O wá béèrè bí a ṣe lè mú ìyá ẹni kúrò nílé rẹ̀ tí inú ò fi ní bí i.

Inú bí mi.

Jẹ́jẹ́ ò lè wo ojú mi. Àbúrò mi tó dúró sẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ó jẹ́wọ́ pé òun lòun sọ fún ọ pé mo ṣubú níbi ìfọṣọ. Òótọ́ ni, mo ṣubú. Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Mo wo ẹ̀yìn, àbúrò mi nìkan ni mo rí, mo sì bẹ̀ ẹ́ kó má sọ. Omi ọṣẹ ló yọ̀ mí. Mi ò sọ fún ọ torí mo mọ̀ pé wàá sá sókè sódò. Mi ò kàn mọ̀ pé kọ̀ǹpútà lo máa sá tọ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: o béèrè lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ẹ̀rọ lọ rò fún ọlọ́jà, ọlọ́jà wá ń bi èmi léèrè pé ṣé mo ní màmá. Gbogbo ayé gbọ́ kí n tó gbọ́. Mi ò sọ pé o ò fẹ́ràn mi o. Ọmọ tí kò bá fẹ́ràn ìyá rẹ̀ kò ní béèrè bí inú ò ṣe ní bí i. Ṣùgbọ́n nígbà tó o rí i pé àṣírí fẹ́ tú, o ò wá, Jẹ́jẹ́ lo rán wá. Ààbò tó o ń sọ yẹn, ara rẹ lo fẹ́ fi dáàbò bò lọ́wọ́ mi. Èyí ló dùn mí ju ilẹ̀ tí mo fi ìbàdí gbá lọ.

Ètò tuntun ti wà níbẹ̀ báyìí. Kò tíì jókòó dáadáa tó fi béèrè pé ṣé mo gbà kó mọ ibi tí mo wà, mo ní ṣebí orí tábìlì mi náà ló jókòó sí. Ó ní ṣé mo gbà kó lo ojú àti etí kọ̀ǹpútà, mo ní rárá. Jẹ́jẹ́ ní ohun tó dára nínú rẹ̀ nìyẹn, pé ó ń gbàṣẹ kó tó wọ yàrá, bí a bá sì ti pa á, ó ti gbàgbé ohun gbogbo. Ó ní kí n yan ọ̀rọ̀ ìwọlé, kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, mo bá ní kí òun náà kọjú sí ògiri, mo lé àbúrò mi síta, mo tó tẹ̀ ẹ́. Ìwọ náà, má bi mí. Orúkọ rẹ ti kúrò ní igun yẹn, tèmi ló wà níbẹ̀, mo sì ti tàn án wò, kò fi ọ̀pá kankan hàn mí.

Wọ́n ní ìbínú ò da nǹkan, èmi ti fi tèmi kọ lẹ́tà. Bírò ni mo fi kọ ọ́, ìyàwó awakọ̀ ló máa fún ọkọ rẹ̀ kó fi lé ọ lọ́wọ́, màá sì fi gọ́ọ̀mù dí ẹnu àpòòwé rẹ̀.

Mo fẹ́ owó. Mo fẹ́ owó bíríkìlà tó máa ha ilẹ̀ ibi ìfọṣọ kó má yọ̀ mọ́, àti ti kápẹ́ńtà tó máa kan igi ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀, ti páànù náà ń bẹ níbẹ̀ tó ń wò ọ́. Má fi ránṣẹ́ sí báńkì, má fi rán ẹnikẹ́ni, ọwọ́ ara rẹ ni kó o fi mú un wá. Bí o bá dé, gbé àga síwájú mi, kó o bi mí ní ìbéèrè tó o bi ẹ̀rọ. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ. Ó ṣeé ṣe kí n ní rárá. Ìbàdí yìí ń dùn mí láràárọ̀, ó sì lè má jẹ́ rárá. Inú máa bí mi, má retí pé kò ní bí mi, àfi kó o jókòó tì mí títí á fi rọ̀.

Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ilẹ̀ á di ẹsẹ̀ rẹ mú. Lọ́jọ́ tí àwọn ọmọ tó o bí bá fẹ́ gbèrò ohun tí wọ́n máa fi ọ́ ṣe, iwájú rẹ ni wọ́n á ti gbèrò rẹ̀, etí rẹ ló sì máa kọ́kọ́ gbọ́. Àmín.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, láti inú ilé rẹ̀.