Wáyà Fúláàtì Kẹrìnlá

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹta

Ilé alájà mẹ́fà, fúláàtì mẹ́rìnlélógún. Iṣẹ́: yọ íńtákọ́ọ̀mù àtijọ́, gbé oní-fídíò sí i, kí ẹni tó wà lókè lè máa rí ẹni tó ń tẹ bẹ́ẹ̀lì nísàlẹ̀. Wáyà inú ògiri kò ní yí padà. Mo ti ṣe àtúnṣe kékeré kan níbí rí, nígbà tí irun ṣì pọ̀ lórí mi.

Mo ṣí pátákó bọ́tìnì ẹnu géètì. Aáyán. Òkú àti alààyè. Ṣingọ́ọ̀mù wà lórí bọ́tìnì mẹ́ta — ẹnìkan jẹ ẹ́, ó yọ ọ́ lẹ́nu, ó fi lẹ bẹ́ẹ̀lì aládùúgbò rẹ̀. Ọmọ aráyé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrin

Fóònù ara ògiri mẹ́sàn-án ni mo yọ. Itọ́ ogún ọdún ti gbẹ sínú ihò tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí. Mo fọwọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, síbẹ̀ n kò lè jẹun ọ̀sán. Ìyàwó mi ní kí n yé ròyìn rẹ̀ nídìí oúnjẹ.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Fúláàtì kẹjọ ló kọ́kọ́ rí àwòrán. Bàbá ibẹ̀ rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́. Ó jókòó, ó ń wò ó títí ọkùnrin náà fi lọ. Ó ní iṣẹ́ mi dáa gan-an. Ó rí mi lára débi pé n kò lè dúpẹ́.

Olùtọ́jú ilé ń tẹ̀ lé mi kiri. Ṣaworo ni mo sọ ọ́, nítorí kọ́kọ́rọ́ àti púláyà tó ń dún nídìí rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹfà

Fúláàtì kẹrìnlá, àjà kẹrin. Ìyá àgbà kan ló ń dá gbé ibẹ̀. Mo lọ́ wáyà méjèèjì pọ̀ lókè, mo fi tẹ́sítà wò ó nísàlẹ̀. Òkú ni wáyà náà.

Mo bi Ìyá Kẹrìnlá ìgbà tí íńtákọ́ọ̀mù wọn ti bàjẹ́. Wọ́n ní kò bàjẹ́, kò kàn sí ẹni tó ń wá àwọn ni. Wọ́n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọdún méje sẹ́yìn, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n padà délé, àbúrò wọn obìnrin ní òun ń bọ̀ wá tọ́jú wọn. Wọ́n jókòó sídìí fóònù ògiri látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Kò dún. Àbúrò ní òun tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìyá ní irọ́ ni. Àbúrò ní wọ́n fi òun sílẹ̀ lẹ́nu géètì bí alágbe. Ọmọ ìyá kan náà, àwọn méjì péré. Wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́ látìgbà náà.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ keje

Mo kiwọ́ bọ àpótí wáyà àjà kẹta. Wáyà Kẹrìnlá bọ́ sí mi lọ́wọ́. Gígé ni. Kì í ṣe eku — ẹnu rẹ̀ mọ́ nini, púláyà ló gé e. Ta ló ń so púláyà mọ́dìí nínú ilé yìí? Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà. Ṣaworo àti Ìyá Kẹrìnlá sì ti jà rí, lórí omi tó dà sórí àtẹ̀gùn.

Mo kò ó lójú lórí àtẹ̀gùn, níwájú àwọn ayálégbé. Mo ní ọ̀dájú ni. Mo ní ẹni tó lè gé wáyà arúgbó, kò sí ohun tí kò lè ṣe. Ó ní òun ò fọwọ́ kan wáyà ilé náà rí. Ó wò mí, ó sọ̀kalẹ̀ lọ. Mo tutọ́. Ó dùn mọ́ mi.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹjọ

Inú mi ṣì ń ru. Èèyàn burú.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo fọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí kí n lè rí orí wáyà kejì. Ó wà lẹ́yìn páìpù omi. Téèpù dúdú ni wọ́n fi wé e. Ìdí téèpù náà ká padà, bí etí ìwé tí wọ́n ṣẹ́, kí ẹni tó ń bọ̀ lè rí ibi tí yóò ti tú u.

Èmi nìkan ló máa ń ká ìdí téèpù báyẹn. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí nítorí rẹ̀.

Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn.

Nílé, mo wá ìwé ìrántí ọdún náà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́: gbogbo íńtákọ́ọ̀mù ilé alájà mẹ́fà ń pariwo, omi wọ wáyà 14, mo gé e kí àwọn yòókù lè máa gbọ́ ohùn, màá padà Ọjọ́ Ajé. Mo ṣí Ọjọ́ Ajé. "Òjò." Mo ṣí Ìṣẹ́gun. Iṣẹ́ mìíràn, ilé mìíràn. N kò padà. Gbogbo aáyán àti itọ́ tí mo ti rí níbẹ̀, kò sí èyí tó rí mi lára tó ara mi lónìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo ránṣẹ́ pé ara mi ò yá, n kò lọ síṣẹ́. Irọ́.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìlá

Mo so wáyà náà pọ̀. Àwòrán mọ́ kedere. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo jẹ́wọ́ fún Ìyá Kẹrìnlá. Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Wọ́n ní kí n bá wọn wá nọ́ńbà kan nínú ìwé tó wà lábẹ́ tẹlifíṣọ̀n.

Mo bẹ Ṣaworo lórí àtẹ̀gùn kan náà, lójú gbogbo èèyàn. Ó ní òun ti gbọ́. Ìyẹn nìkan.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Àbúrò ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Ìyá ní kí n dúró ti àwọn, àwọn ò mọ bọ́tìnì.

Ó dún. Obìnrin arúgbó kan yọ lójú gíláàsì. Ìyá bi mí pé ta nìyí. Mo ní àbúrò yín ni, mà. Wọ́n ní, irun rẹ̀ ti funfun tó báyìí?

Mo nawọ́ sí bọ́tìnì. Wọ́n gbá ọwọ́ mi. Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni àbúrò àwọn ní òun tẹ bẹ́ẹ̀lì lọ́jọ́ náà, àwọn fẹ́ gbọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ó dún lẹ́ẹ̀kejì. Ó pẹ́ kó tó dún lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn náà obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé báàgì rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa.

Ìyá ní èwo ni kí àwọn tẹ̀, èwo? Mo ní èyí tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́. Ti iná ni wọ́n tẹ̀. Iná tàn lẹ́nu géètì lójúmọmọ. Obìnrin náà ò wẹ̀yìn, ó ń lọ.

Mo gbọ́ ọ nínú íńtákọ́ọ̀mù kí n tó rí i: kọ́kọ́rọ́ tó ń dún bọ̀. Ṣaworo fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí géètì. Ó pe obìnrin náà padà, ó gba báàgì lọ́wọ́ wọn, ó ní kí wọ́n máa rọra gun àtẹ̀gùn.

Ó mọ̀ pé mo ń wo òun. Kò wojú kámẹ́rà.