Má Lọ àbí Máa Lọ?

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín ò ní há. Ẹ má wá orúkọ mi, ẹ sáà pè mí ní Aránṣọ.

Orin ìfẹ́ àtijọ́ kan wà tó ti di ẹ̀wù àjọwọ̀: kò sólórin tí kò wọ̀ ọ́ rí. Nínú èyí tí ìyá mi máa ń gbọ́, "Máa lọ, olólùfẹ́" ni obìnrin tó kọ ọ́ ń sọ. Òun nìkan ni mo mọ̀.

Káfíńtà kan fẹ́ràn mi. Kì í lè sọ tinú ẹ̀, àfi kó forin sọ ọ́. Láàárọ̀ tí mo ń lọ síbi iṣẹ́ tuntun nílùú míì, mo gbé báàgì kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀. Ó ń fá pákó, kò gbójú sókè, orin yẹn ló ń kọ. "Máa lọ" ni mo gbọ́. Inú bí mi, mo bá tèmi lọ.

Ó ti gbéyàwó báyìí. Àbúrò ẹ̀ wá ránṣọ lọ́dọ̀ mi láìpẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ̀gbọ́n mi forin bẹ̀ yín pé ẹ má lọ, ẹ ò dẹ̀ wẹ̀yìn." Ẹsẹ̀ mi kú lórí máṣìn.

Látìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ orin yẹn lẹ́nu olórin lóríṣiríṣi. Onígìtá àgbà kan ní "má lọ." Ẹgbẹ́ akọrin kan ní "máa lọ." Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń fà á gùn bíi rọ́bà, n ò mọ èyí tí wọ́n ń wí.

Ẹ̀yin olùgbọ́, kí lẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́ sọ gan-an? Olóòtú, rédíò yín kì í kú ní ṣọ́ọ̀bù káfíńtà yẹn. Ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò kọ̀. Mi ò gbọ́ ni.