Òjò Kò Dúró De Ìpàdé Ilé Àjọlò

                                        Ilé Alájì Sàlàkọ́,
                                        Ìsàlẹ̀ Ọjà,
                                        Ìsẹ́yìn, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
                                        Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Karùn-ún, ọdún 1978.

Mákindé, ọ̀rẹ́ àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyá ńkọ́, ṣé eékún tó ń dùn wọ́n ti fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀? Àbúrò rẹ tó ń múra ìdánwò ńkọ́? Bàbá ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń bínú pé mo mú ìfági wọn kékeré kúrò ní ṣọ́ọ̀bù láì tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ wọn? Bá mi bẹ̀ wọ́n. Ìfági náà wà bí mo ṣe mú un, mo sì ń pọ́n ojú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo gbà á ládùúrà pé ara gbogbo yín le. Ara tèmi náà le, inú mi ni kò dùn, mi ò sì lè fi pa mọ́ fún ọ.

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti dé ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ níbí. Ogójì ni wá ní kíláàsì, bóyá lẹni mẹ́ta mọ orúkọ mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè tísà, ohùn Oǹdó tó jáde lẹ́nu mi pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti jókòó láàárín èèyàn, mo máa ń dákẹ́ ni, màá sì máa wò wọ́n.

Nítorí náà, nígbà tí mo rí Ilé Àjọlò, mo rò pé mo ti rí ibi tí n kò ti nílò ẹnu. Sítọ́ọ̀ òwú àtijọ́ kan ni, lẹ́yìn ọjà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ mẹ́wàá ló pawọ́ pọ̀ tún un ṣe, kálukú sì kó irinṣẹ́ rẹ̀ wá síbẹ̀: ayùn, òòlù, ẹ̀rọ ìránṣọ, irin tí wọ́n fi ń jó òjé mọ́ wáyà rédíò. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan lè wọlé kó lò wọ́n. Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí o yọ̀ǹda ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, kí o gbálẹ̀, kí o pọ́n irin, kí o sì fi ohun tí o mọ̀ han ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni tèmi. Èmi ni ọmọ ẹgbẹ́ kọkànlá.

Kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Bàbá Ojúọlápé, àgbà káfíńtà kan, ló ń fi àdúrà ṣí ìpàdé tó sì ń fi àdúrà tì í, ṣùgbọ́n wọn kì í pàṣẹ. Òfin kan ṣoṣo tó wà ni pé a kì í fọwọ́ kan ohun tó jẹ́ ti gbogbo wa àfi bí ẹnu gbogbo wa bá kò lórí rẹ̀. Òfin yìí wù mí nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Mákindé, ó ti sú mi báyìí.

Ihò kan wà lára òrùlé, lókè tábìlì tí a ti ń gé igi. Láti oṣù Kẹta ni páànù mẹ́fà tí ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ fún wa ti fara ti ògiri. Àkàbà wà, ìṣó wà, káfíńtà wà. Ọ̀rọ̀ tó kù ni bóyá ká fi páànù dí ihò, tàbí ká fi ṣe ìbòji síwájú ilé fún àwọn ahunṣọ. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, Àǹtí Àwáwù tó jẹ́ ahunṣọ ní ìbòji ni ká ṣe, oòrùn ń pa àwọn. Bọ̀dá Ràsáàkì tó ń tún bàsíkùlù ṣe ní kí wọ́n má dààmú ara wọn, oòrùn ti ṣe èyí tó lè ṣe lára wọn tán, wọn ò tún lè dúdú jù báyìí lọ. Àǹtí Àwáwù fèsì pé abẹ́ igi ọ̀dán ni Ràsáàkì ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, síbẹ̀ kò pupa. A rẹ́rìn-ín títí, ilẹ̀ sì ṣú.

Nígbà tó di ìpàdé kejì, Àǹtí Àwáwù fúnra wọn ní ká kọ́kọ́ dí ihò náà. Mo rò pé ó ti bùṣe. Bàbá Ojúọlápé wò yípo, wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀ kò tíì kárí ẹnu." Wọ́n ṣàdúrà, a túká. Bákan náà ni ti ìpàdé kẹta. Mo ń wò wọ́n. Kò sẹ́ni tó ta ko ọ̀rọ̀ náà, kò sì sẹ́ni tó gun àkàbà. Mo sọ nínú ara mi pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn ìpàdé ju òrùlé lọ.

Abẹ́ ihò yẹn gan-an ni iṣẹ́ ọwọ́ tí mo fẹ́ fi ṣe ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ wà. Kẹ̀kẹ́ ìkáwùú ni mò ń ṣe, àgbá onígi kan tó ga dé orúnkún mi, tó ní ọwọ́ tí ahunṣọ yóò máa fi yí i bí òwú ṣe ń ká. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà ni àwọn olùdánwò ń bọ̀. Bí n kò bá ní nǹkan tí màá gbé síwájú wọn, màá tún ọdún yìí kà ni, o sì mọ̀ pé kò sẹ́ni tó máa san owó ilé ẹ̀kọ́ fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Mo ti fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, irin tó wà lára tábìlì sì dì í mú kó lè gbẹ. N kò lè gbé e kúrò níbẹ̀. Àpò ni mo fi bò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá, nígbà tí àwọn ọkùnrin wà ní mọ́sálásí, tí èmi sì wà ní kíláàsì, òjò dé. Kì í ṣe òjò tí àpò lè gbà sílẹ̀. Nígbà tí mo fi máa sáré débẹ̀, igi ti wú, gọ́ọ̀mù ti yọ́, àgbá tó rí róbótó ti wọ́ bí ẹyin. Mo jókòó sínú omi.

Ibẹ̀ ni Àǹtí Àwáwù ti bá mi. Wọ́n ní pẹ̀lẹ́, mo sì dáhùn lóhùn Oǹdó gidi, n kò bìkítà mọ́. Mo ní ìpàdé mẹ́ta la ti ṣe lórí ihò kan, kí gan-an ni ẹ ń dúró dè?

Wọ́n wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. Wọ́n ní, "Ìwọ ni."

"Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ. Ẹnu mẹ́wàá ti fọhùn láti ìpàdé kejì. Ìwọ lo ń jókòó sẹ́bàá ilẹ̀kùn bí àpò èlùbọ́. Ràsáàkì tiẹ̀ ní bóyá ẹ kì í fi páànù kọ́lé lọ́dọ̀ yín."

Mo ní kò sẹ́ni tó bi mí.

"Ta ni yóò bi ọ́? Àlejò ni ọ́, ìwọ lo sì kéré jù. Bí Bàbá bá dá ọ dúró láàárín àgbà pé kí lo wí, kí lo máa wí ju 'bẹ́ẹ̀ ni, sà'? Ìyẹn kì í ṣe ohùn. A ò fipá mú ọ wọ ẹgbẹ́, a ò lè fipá mú ọ lahùn."

Mákindé, o mọ bí Bàbá yín ṣe tọ́ wa ní ṣọ́ọ̀bù, pé ọmọdé kì í dá sí ọ̀rọ̀ àgbà. Mo rò pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ mi ni mo fi ń bu ọlá fún wọn. Àwọn náà rò pé àìbi mí ni wọ́n fi ń bu ọlá fún mi. Ọ̀wọ̀ méjì ló pàdé lórí òrùlé kan, òjò sì gba àárín wọn kọjá. Mo gbà pé ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi. Ẹnu mẹ́wàá kò ha tó láti kan ìṣó mẹ́rin?

Lánàá tí í ṣe Àìkú la tún ṣe ìpàdé. Mo dìde, mo ní kí a dí ihò náà. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín sí ohùn mi, mo sì jẹ́ kó rín in tán. Bàbá Ojúọlápé ní, "Ó ti kárí." Bọ̀dá Ràsáàkì ti wà lórí àkàbà kí a tó ṣe àmín. Kò tó wákàtí kan tí ohun tó di oṣù méjì fi parí.

Bí a ṣe padà jókòó ni mo tún dìde. Mo ní kí a fi kún òfin wa pé ẹni tó bá dákẹ́, kí a máa bi í. Wọ́n ń gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi ku Bọ̀dá Ràsáàkì. Bọ̀dá náà jókòó sílẹ̀, wọ́n ń fi àkísà nu ẹsẹ̀ bàsíkùlù kan, wọn ò gbójú sókè. A dúró. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n. Mo fẹ́ bi wọ́n fúnra mi, ni mo bá rí irun funfun lẹ́bàá etí wọn, mo sì padà jókòó. "Kò tíì kárí ẹnu," ni Bàbá Ojúọlápé wí. A ṣàdúrà, a túká.

Láàárọ̀ yìí, mo bá pákó igi àpá gbígbẹ kan lórí tábìlì mi. Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ojúọlápé ló máa ń wà. Ohun ìní tiwọn ni, wọn ò nílò ìpàdé láti gbé e wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló kù. N kò mọ̀ bóyá ọwọ́ mi á yá tó, ṣùgbọ́n mo ti sàmì sí ibi tí màá gé.

Bá mi kí Ìyá, kí o sì kí gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀bù, pàápàá ẹni tó jogún àga mi. Sọ fún Bàbá pé mo tún fẹ́ lo ìfági wọn títí ìdánwò yóò fi parí, lọ́tẹ̀ yìí mò ń tọrọ rẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, jọ̀wọ́, má kà á sí bẹ́ẹ̀ ni. Tún bi wọ́n.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,

Festus.