Ta Ló Ní Ká Ta Ilé Wa?

Màmá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àgbádárìgì níbí, mo sì mọ̀ pé ẹ kò ní tètè ní kí n dìde, torí inú ń bí yín sí wa. Mo kí Bàbá Àgbà, mo kí gbogbo ìyàwó ilé, mo kí àwọn tó ń bá yín jókòó lábẹ́ igi ọsàn nírọ̀lẹ́. Sùlè, àbúrò mi, ìwọ tó ń ka lẹ́tà yìí, mo kí ìwọ náà. Mo rán sí ọ pé kó o pe gbogbo agboolé jọ kó o tó já a, kó o sì kà á sókè. Ìṣojú gbogbo wọn ló yẹ kí n ti sọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Ara wa le, a dúpẹ́. Oṣù keje rèé tí a ti dé ibí. Atẹ́gùn òkun kì í sinmi, iyọ̀ inú rẹ̀ sì ti jẹ́ kí páànù tí mo fi ń yan gàrí dógùn-ún. Èlùbọ́ ló kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún. Mo bẹ iṣu, mo bọ̀ ọ́, mo sá a sórí àpò. Ní ọjọ́ kẹta ó ti hu irun funfun. Obìnrin kan tó ń yan ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa rẹ́rìn-ín títí, ó ní ta ló sọ fún mi pé nǹkan ń gbẹ létí òkun láìjẹ́ pé èèyàn gbé e sórí iná. Mo bá a rín in, mo wọlé, mo sunkún. Orí àpáta ẹ̀yìn ilé wa ni mo rántí, bí mo ṣe máa ń sá èlùbọ́ síbẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí ẹ ó jókòó tì í, tí ẹ ó máa fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ àwọn ẹlẹ́gbẹ́ yín, tí ẹ ó sì mójú kúrò tó bá jẹ́ ewúrẹ́ tiyín.

Ọkàn mi ń fà sí ilé yẹn gan-an ni. Tí mo bá jí, apá òsì ni mo ṣì ń yà sí, bí ẹni pé ilé ìdáná wà níbẹ̀. Mo ń rántí ariwo òjò lórí páànù, àwọn ọmọ ilé kéú tó ń ké lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ọjọ́ ọjà tí àwa àti àpò gàrí jọ ń há mọ́ra nínú ọkọ̀ dé Ìyànà Ọ̀fà. Ẹ ó wà lẹ́nu ọ̀nà tiyín, ẹ kò ní dìde, ẹ ó ké sí mi pé ṣé mo ti jẹun, èmi ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta. Àwọn ará ibí dáa, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Ìbàdàn, wọ́n sì ń kọ́ mi ní èdè Ẹ̀gùn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bi mí bóyá mo ti jẹun.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó mú mi kọ̀wé. Ọjọ́ tí ẹ fi mí fún Bàbá Kúdí, ohun kan ṣoṣo lẹ béèrè lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo agboolé. Ẹ ní kí tíṣà ará Àgbádárìgì yìí má gbé ọmọ yín lọ sí etí omi níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá wà láyé. Wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n ní àwọn gbà. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n fi pa àdéhùn yẹn mọ́. Nígbà tí ìyá tó bí wọn kú, wọ́n lọ sin ín. Bí fìdáù ọjọ́ kẹjọ ṣe parí, wọ́n wọkọ̀ padà. Láràárọ̀, kí wọ́n tó lọ síléèwé, wọ́n á ti dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín.

Ojú wọn wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Ìbàdàn ní ọ̀kan ti lọ, èkejì náà ń lọ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀ wọn kò dárúkọ òkun sí mi létí rí. Àwọn ọmọ Kúdí ni wọ́n ń sọ fún. Èmi á máa yan gàrí, màá máa gbọ́ wọn lẹ́yìn ògiri: bí omi ọ̀sà ṣe ń rí ní ìdájí, bí àwọn apẹja ṣe ń fa àwọ̀n, àwọ̀ tí wọ́n fi kun ọkọ̀ ojú omi bàbá wọn. Mo mọ̀ pé ọkọ mi fẹ́ tún rí ilé kí ojú tó kù yẹn tó kú. Ibẹ̀ ni mo ti pinnu.

Màmá, èmi ni mo wá ẹni tó ra ilé. Ẹ̀yin lẹ fún mi nílẹ̀, owó gàrí ni mo fi kọ́ ọ, orúkọ mi ló wà nínú ìwé. Nígbà tí mo sọ fún Bàbá Kúdí, wọ́n bínú gidi, wọ́n rán mi létí àdéhùn. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé mo ti bá yín sọ ọ́, pé ẹ ti tú wọn sílẹ̀, ẹ sì ti ṣàdúrà fún wa. Irọ́ ni mo pa. N kò tíì yọjú sí yín nígbà yẹn. Nígbà tí mo wá yọjú, mo ń fi gèlè nu ojú, mo ní ọkọ mi ló ní ká ta ilé ká máa lọ, kí ni obìnrin lè ṣe. Irọ́ kejì nìyẹn.

Sùlè, mo mọ̀ ọ́. O ti ń wá bí o ṣe máa fo ibí yìí. Má fò ó. Tún un kà.

Ẹ̀rù yín ló bà mí. Tí mo bá ní èmi ni, ẹ ó ní kí n má lọ, n kò sì ní lè lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó tó bá tẹ̀lé ọkọ rẹ̀, ta ló máa bá a wí? Mo sá sẹ́yìn ọkọ mi.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, wọ́n wá dọ̀bálẹ̀ láti dúpẹ́ pé ẹ yọ̀ǹda wa. Ẹ kẹ̀yìn sí wọn. Wọn kò ríran dáadáa, wọn kò mọ̀, wọ́n wà nílẹ̀ níbẹ̀ títí Sùlè fi fà wọ́n dìde. Èmi wà nínú ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù, mo ń wò. N kò sọ̀kalẹ̀. Ó ń dùn mí títí di òní.

Wọ́n rí òkun, Màmá. Ojú kan tó kù yẹn rí i. Inú wọn dùn bí ọjọ́ méjì. Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ ni wọ́n ń pè yín lórí fóònù, ẹ kì í gbé e. Mo tún gbọ́ pé àwọn kan nínú agboolé ń pè wọ́n ní ọ̀dàlẹ̀. Wọ́n á bi mí pé kí ni àwọn ṣe fún Màmá, èmi á ní n kò mọ̀. Nísinsìnyí ojú kejì náà ti lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní àwọn kò lè jókòó mọ́, àwọn ń bọ̀ wá bá yín láti mọ ẹ̀ṣẹ̀ àwọn. Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ lójú ẹsẹ̀. Ojú tì mí. Mo kọ lẹ́tà yìí, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi lé wọn lọ́wọ́ pé kí wọ́n fún Sùlè. Kúdí tó mú wọn wá kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ ṣe ń gbọ́ ọ yìí, bẹ́ẹ̀ náà ni Bàbá Kúdí ṣe ń gbọ́ ọ.

Bàbá Kúdí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ foríjì mí. Ẹ kò dalẹ̀. Èmi ni.

Màmá, ẹ bínú sí mi bó ṣe wù yín, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ló jókòó síwájú yín yẹn, wọn kò sì lè rí ojú yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbọ́.

Kí Ọlọ́run Ọba lọ́ra ẹ̀mí yín, kó fún yín ní àlàáfíà, kó jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà, ẹ sì bá mi kí àwọn tó ń gbé inú ilé wa báyìí.

Èmi ni Sìfáwù, ọmọ yín.