Oògùn Àpá Tí Mo Bá Ọ Lò

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ tẹ̀rín-tọ̀yàyà. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ẹlẹ́dàá á jẹ́ kí ìwé yìí bá ọ láyọ̀. Èmi náà ń bẹ, àfi ẹ̀yìn tó ń ro mí. Ta ni yóò máa lọ aṣọ aláṣọ lórí ìdúró fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí ẹ̀yìn kò ní ro?

Oṣù keje rèé tí o ti wá sílé kẹ́yìn, mo sì mọ ohun tó fà á. O wá sọ fún mi pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́. O kò tíì sọ ọ́ tán tí mo fi yọ ìgò oògùn àpá jáde nínú báàgì mi. Mo ní, "Ní báyìí tí o ti dọ̀gá, ó yẹ kí ojú rẹ mọ́." O gbé ìgò náà sórí tábìlì tí mo fi ń lọ aṣọ, o sì bá tìrẹ lọ. Ẹyin lohùn, èyí tó bọ́ lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn fọ́ yángá.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe lẹ́yìn rẹ. Bí o bá fẹ́, o lè rẹ́rìn-ín. Mo bá ọ lo oògùn náà. Láràárọ̀ ni mò ń da hóró márùn-ún sínú ìdérí rẹ̀, nítorí ìwé ara ìgò ní ọwọ́ kò gbọdọ̀ kàn án, n ó sì fi í sábẹ́ ahọ́n títí yóò fi yọ́. Ṣebí ohun tí mo jẹ ni ìwọ náà jẹ nígbà tí o wà nínú mi.

Nígbà tó tán, mo padà sí kẹ́míìsì lọ ra òmíràn. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ béèrè ibi tí àpá wà lára mi. Mo ní ojú ọmọ mi ló wà. Ó ní ta wá ló ń lo oògùn? Mo ní èmi ni. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé pé wọ́n ti bu omi la oògùn náà títí tí kò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ku nǹkan kan kí wọ́n tó kán an sára hóró ṣúgà, pé ṣúgà lásán ni mò ń lá. Òótọ́ ni pé ojú àpá kò lè jọ ojú ara. Ó wá ní, "Màmá, àpá yẹn, ṣé ó ń dun ọmọ yín?"

Láti ọjọ́ tí mo ti gbé irin gbígbóná sí etí tábìlì, tí mo lọ ń tàkúrọ̀sọ lẹ́nu ọ̀nà, tí ìwọ ọmọ ọdún mẹ́rin sì fa wáyà rẹ̀ tó fi já lé ọ lójú, n kò bi ọ́ rí. Ojú tì mí ní ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni.

Ọmọ mi, ojú rẹ kò dọ̀tí. Èmi ni n kò lè wò ó kí n má rí àìbìkítà mi. Ẹ̀bi mi ni mò ń wá oògùn fún, ìwọ ni mo wá gbé e fún. Jọ̀ọ́, dárí jì mí. Wá sílé, kí o tún ìròyìn ipò tuntun yẹn sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. N ó jókòó, n kò ní já lu ọ̀rọ̀ rẹ.

Wàá gòkè sí i. Àwọn tí ò ń darí kò ní bá ọ ṣọ̀tá. Ibi tí o bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Èmi ni ìyá rẹ,
alágbàfọ̀ tí ẹnu rẹ̀ yá ju irin rẹ̀ lọ.

Àfikún: Bí o kò bá tíì ráyè wá, kọ ìlà kan péré sí mi. Ṣé ó ń dùn ọ́?